Ahọ́n Tí A Tì Bọ Ilé Lẹ́nu

Ìgbà kẹta rèé tí Àṣàkẹ́ ki ahọ́n náà bọ Olùṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ilé tún fi ohùn ọmọge rẹ̀ tí kò ní ìyá tí kò ní bàbá dáhùn pé, "Mo rí àpótí ìwé. Ṣé kí n ṣí i?"

"Àpótí ìwé kọ́!" Àṣàkẹ́ jágbe mọ́ ògiri. "Ahọ́n ni! Ahọ́n ni mo kì sí ọ lẹ́nu, ìwọ adití yìí!"

"Mo rí àpótí ìwé," ni ilé wí.

Èmi jókòó sórí àga kékeré mi lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, mo gbé abọ́ omi kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Abọ́ kan yẹn ni ẹ̀rọ omi tú fún wa láàárọ̀ kó tó ti ara rẹ̀. Olùṣọ́ ló ń ti omi, òun ló ń ṣí i: pátákó funfun kan tí kò ju ojú fèrèsé kékeré lọ, tó lẹ̀ mọ́ ògiri, tó ń ṣí ilẹ̀kùn, tó ń tan iná, tó ń pinnu bóyá ẹ̀wà á jinná lónìí tàbí kò ní í jinná. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilé wa dákẹ́, garawa omi méjì ló ń fún mi. Lọ́sẹ̀ kejì, garawa kan. Ọjọ́ kọkànlélógún la wà yìí, abọ́ kan.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pòṣé sí mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n ríran."

"Ta ló pòṣé? Eyín ló ń dùn mí."

"Ẹ̀yin àti eyín."

Ọmọ Ìbídùn ni Àṣàkẹ́, Ìbídùn sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, òun wà lókè òkun, kò sì jọ pé yóò padà wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àṣàkẹ́, iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ilé ló ń ṣe ní Ìlú Gíga. Ó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kan péré láti wá gbà mí là. Ọjọ́ kan náà ló kù fún mi ní tòótọ́. Lánàá, ẹyẹ irin àwọn ìjọba Ìlú Gíga fò kọjá lókè òrùlé wa, ó tu ọ̀dà funfun sórí páànù, róbótó. Kò sí ẹni tó ń gbé ní Òkè-Ìrókò tí kò mọ ohun tí róbótó yẹn ń wí. Bí oòrùn ọjọ́ kejì bá wọ̀ tí ilé kò tíì bá ọ́fíìsì wọn sọ̀rọ̀, ilé náà ti di ilé òfo nínú ìwé. Ní òwúrọ̀, katakata tí kò ní awakọ̀ á dé, á wó o, á sì ri irin mọ́lẹ̀ síbẹ̀ fún oko oòrùn.

Ilé Ìyá Moróòórè tó wà lọ́wọ́ òsì wa gba róbótó tirẹ̀ lóṣù tó kọjá. Dígí dúdú ló tẹ́ rẹrẹ síbẹ̀ báyìí, gbogbo wọn kọjú sókè bí alágbe. Obìnrin náà wà nínú ilé lọ́jọ́ tí wọ́n ní ilé ṣófo. Ó jáde, ó ń juwọ́ sí katakata, ó ní, "Èmi nìyí o! Ẹ wò mí!" Katakata kò mọ ẹni tí kò sí nínú ìwé. Àwa la fà á kúrò lọ́nà.

Kí ẹ má sì rò pé àwa la kọ̀ láti sọ̀rọ̀ o. Wáyà wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ń jíyìn fúnra rẹ̀ láràárọ̀, a kì í tilẹ̀ mọ̀. Àwọn kan náà ló hú u. Wọ́n ní ilé mẹ́sàn-án tó ṣẹ́kù ní Òkè-Ìrókò kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ tún wáyà ṣe. Wọn kò pa òfin rẹ́. Wọ́n ní kí kálukú wá ahọ́n tirẹ̀. Ẹni tó gé ẹsẹ̀ rẹ ló ń bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò jó.

Ahọ́n náà kò tó ìka mi. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, módẹ́ẹ̀mù là ń pè é. Mo ń ta káàdì ìpè lábẹ́ agbòòrùn ní ẹnubodè ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wá ra káàdì, wọ́n á ní, "Ìyá kékeré, fún módẹ́ẹ̀mù ni o." Síìmù wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀pà nínú èèpo. Wọ́n á tì í bọ kọ̀ǹpútà, wọ́n á bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ayé ṣíwájú, módẹ́ẹ̀mù di ìdọ̀tí. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń tú ẹ̀rọ àtijọ́ ni Àṣàkẹ́ ti rí èyí, ó nu ún, ó fi síìmù tuntun sí i.

"Ohun tó ń ṣe é ti yé mi," ó wí lẹ́yìn tó ti fi wàláà ẹ̀rọ rẹ̀ wá inú Olùṣọ́ kiri. "Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn láyé ìgbà yẹn. Tó bá kọ́kọ́ wọlé, á ṣe bí àpótí, torí pé wọ́n ti kó ìwé sínú rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kà. Ìgbà tí wọ́n bá kà á tán ló tó ń yí padà di ahọ́n. Olùṣọ́ kò mọ àṣà yẹn. Èmi ni mo ní láti sọ fún un kó yí padà."

"Bí ìyàwó tuntun," mo wí. "Ẹrù rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wọlé. Ó lè pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó lẹ́nu."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀?"

Mo ní kó dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó fi ìka kọ nǹkan sára wàláà. Ahọ́n náà ṣẹ́jú pupa, ó ṣẹ́jú pupa, ó kú. Àṣàkẹ́ ní ebi iná ló ń pa á, pé ìdajì iná ni Olùṣọ́ ń jẹ láti ọjọ́ tí ilé ti dákẹ́, kò rí jẹ débi tí yóò bọ́ ẹlòmíràn. Ó mú bátìrì kan nínú àpò, ó fi í sí àárín àwọn méjèèjì kí ahọ́n lè máa jẹun lọ́tọ̀. Ó tún ṣẹ́jú, kò kú mọ́, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn òkè ni òpó Ìlú Gíga wà, ògiri wa sì nípọn. Ọkọ mi ló mọ ọ́n, bírìkìlà ni wọ́n, wọn kì í fi sìmẹ́ńtì ṣahun. A wá wáyà gígùn, a gbé ahọ́n jáde sí ojú fèrèsé. Mo ya etí ìborùn mi, a fi so ó mọ́ irin. A ń sún un díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, bí ẹni ń wá ibi tó ń yún èèyàn lẹ́yìn.

Lójijì, ó di búlúù.

"Mo ti ní ahọ́n tuntun," ilé wí. "Kí ẹni tó ni ohùn ilé yìí pe orúkọ tó wà nínú ìwé, kí n lè jẹ́rìí pé èèyàn ń gbé ibí."

Àṣàkẹ́ pàtẹ́wọ́. "Màmá! Ó parí! Orúkọ Bàbá àgbà ló ń béèrè. Ẹ pè é kíá."

"Kí n pe kí ni?"

"Orúkọ wọn."

"Kí n la ẹnu mi, kí n pe ọkọ mi lórúkọ?"

"Màmá, wọ́n ti kú láti ọdún mọ́kàndínlógún!"

"Ṣé ikú ń kọ obìnrin sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ ni?"

"Ohùn méjì ni mo gbọ́," ilé dá sí i. "N kò mọ ìkankan nínú wọn."

Àṣàkẹ́ yíjú sí mi. "Kò mọ̀ yín? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú rẹ̀?"

"Bọ́tìnì ni mo máa ń tẹ̀. N kì í bá ògiri sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbéraga ni mo fi ṣe. Àwọn ará àdúgbò máa ń ní, "Ilé, tanná! Ilé, já omi!" Èmi á dìde, màá fi ìka tèmi tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé mo ń fi í ṣẹrú. N kò mọ̀ pé ẹni tí kò bá a sọ̀rọ̀ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohùn ta ló wá wà nínú ìwé? Kí Àṣàkẹ́ tó béèrè ni ọjọ́ náà ti padà sí mi lójú. Ọkọ mi lo oṣù méjì nínú ilẹ̀, aṣọ dúdú ṣì wà lọ́rùn mi. Ọkùnrin kan dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìkàlé ní àyà rẹ̀, ó ní kíka ilé ni òun wá kà, ó ní, "Ta ló nilé?" Mo wo ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sínú ilé náà kó tó wọ̀ ọ́, títí kan ọmọ ọwọ́. Ìwọ lo máa fún wọn lórúkọ tìrẹ. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́, nítorí eyín rẹ̀ nígbà náà, ẹ ò rí i, ó ń tàn. Òun ló jókòó tì mí lọ́jọ́ náà. Nígbà tó rí i pé mo ń wo ilẹ̀, ó bá mi pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dún píì. Ó tán. Ọkùnrin yẹn kò bi mí ní ohunkóhun mọ́. Inú mi dùn pé kò bi mí.

"Ìyá àgbà Ìlú Gíga?" Àṣàkẹ́ wí. "Ohùn wọn ni?"

"Òun ni."

"Ohùn wọn ló ni ilé yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ ò sì mọ̀?"

"Ìwọ náà kò mọ̀, ìwọ tí ẹ̀rọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ."

Ó mú wàláà, ó pè é.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó rí Eyínfúnjowó. Kẹ̀kẹ́ tó ń wa ara rẹ̀ gbé e dé ibi òkúta ààlà, ó dúró, ó ní iwájú kò sí ìlú. Ó bá kẹ̀kẹ́ jà, ó ní inú ìlú náà ni wọ́n ti bí òun. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, ó ní oko oòrùn ló wà níwájú. Ẹsẹ̀ ló fi wọlé, pẹ̀lú ọ̀pá, eruku dé e ní orúnkún.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí n tó wọ̀ ọ́, ìyẹn ló sọ òun obìnrin di ọkọ mi. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń wí. Lórí ìwé mi yìí, n óò pè é bó ṣe wà nínú mi.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ẹ kú ìrìn."

"Ìyàwó! O ṣì wà láyé!"

"Mo wà o."

"Kò yà mí lẹ́nu. Bí kẹ̀kẹ́ bá ní kò sí ọ̀nà, ibo ni ikú fẹ́ gbà wọlé?"

Àṣàkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Èyí tó burú nínú ọ̀rọ̀ èmi àti obìnrin yìí ni pé ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Kò wo Olùṣọ́ rárá. Ó kọjá lọ sí igun pálọ̀ níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn sí. Ibojì méjì ló wà níbẹ̀, ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara wọn mọ ọ́n nígbà tí ara wọn ṣì le, ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan fún mi. Tiwọn ti ní táìsì funfun lórí. Tèmi, sìmẹ́ńtì lásán ni, mo máa ń sá ẹ̀gúsí sórí rẹ̀. Eyínfúnjowó fọwọ́ kan táìsì, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yípo, ó jókòó. Orí tèmi ló jókòó lé.

"Ìyá àgbà, oòrùn ń lọ," Àṣàkẹ́ wí. "Ẹ kàn ní láti pe orúkọ Bàbá àgbà níwájú Olùṣọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni."

"Mo ti gbọ́ lórí wàláà. Mo sì ti ronú bọ̀ lọ́nà." Ó fi ọ̀pá lu sìmẹ́ńtì tó jókòó lé, kó, kó, kó. "Ibí ni mò ń fẹ́."

Mo mọ ohun tó ń wí. Òfin ilé àtijọ́ wà tí gbogbo wa mọ̀: òkú kan ṣoṣo ló tún lè wọ ilé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ni ohùn ilé sì ni.

"N óò pe orúkọ náà. Ilé á sọ̀rọ̀, wọn kò ní í wó o, o ó máa gbé inú rẹ̀ bí o ṣe ń gbé e. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ mi bá pé, ibí ni kí wọ́n gbé mi wá. Kí o sọ ọ́ lójú ọmọ yìí pé o gbà, kí o má baà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì lẹ́yìn mi láti bá òkú mi ṣẹjọ́."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ á lọ síbi tí gbogbo ayé ń lọ."

"Níbi tí wọ́n ń yọ́ èèyàn."

"Níbi tí wọ́n ń yọ́ èèyàn," ó wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé, ohùn rẹ̀ kò ní àwàdà nínú. "Ṣé o mọ̀ ọ́n? Èmi ń gbé ibẹ̀. Wọ́n á gbé ọ sínú àgbá, wọ́n á fi oògùn sí i, o di omi. Omi yẹn á gba inú páìpù gòkè lọ sórí òrùlé, níbi tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́. Ẹni tí a jọ ń gbé ojúlé kan náà kú ní oṣù kejì, Ìyá Adùnbárìn, obìnrin jẹ́jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pín gbúre fún wa. Mo wò ó, mo wò ó. Ó tutù yọ̀yọ̀. Mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lè dà á nù. Ìyàwó, mi ò fẹ́ di gbúre."

"Èmi ló wá wù kí n di gbúre?"

"Ìwọ wá síbí ni. Èmi, wọ́n bí mi síbí."

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka ìwé yìí, ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mo ti wá síbí. Bí èèyàn bá wá síbì kan fún ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, nígbà wo ló dé?

"Ta ló gbé àwọn ọmọ yín pọ̀n?" mo wí. "Àwọn ìbejì yín, nígbà tí ọmú yín dì tí ibà sì fẹ́ pa yín, ta ló fi omi gbígbóná wẹ̀ wọ́n láàárọ̀ lálẹ́, lódidi oṣù mẹ́rin? Àkùkọ gan-an kò jí ṣáájú mi nínú ilé yìí."

"Ìwọ ni. Ṣé mi ò dúpẹ́ nígbà náà?"

"Ẹ dúpẹ́."

"Kí lo wá ń tún béèrè?"

Àṣàkẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá àgbà, ọ̀nà mìíràn wà. Bí ilé bá ti dá yín mọ̀ tán, ẹ lè sọ pé ẹ fi ohùn lé Màmá lọ́wọ́. Gbólóhùn kan ni. Màmá á wá jẹ́ onílé, ẹ̀yin náà á máa wá."

"Kí n máa wá, kí n máa kí ibojì, kí n sì padà lọ di omi. Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ tutù. Ta ló ní kí Màmá rẹ má sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bi í? Ó ń tijú. Ẹni tó bá ń tijú níbi ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ẹlòmíràn á bá a gbé e."

Mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mi ò lọ ronú, ká má parọ́. Mo lọ kí n má baà bú u. Oòrùn ti wọ́ sí ìhà ibi tó ń wọ̀ sí, gbogbo dígí oko wọn ti yí ọrùn tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà, kìrìkìrì, bí agbo adìẹ tó gbọ́ ìró àgbàdo. Mo wo ibi tí ilé Ìyá Moróòórè wà. Mo ka irin tí wọ́n rì síbi tí yàrá rẹ̀ wà, mẹ́rin. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń rì wọ́n dé, wọn kì í béèrè ẹni tó sùn síbẹ̀.

Bí mo bá kọ̀, irin kan á gba inú egungun ọkọ mi kọjá lọ́la. Bí mo bá gbà, èmi á di gbúre, obìnrin yìí á sùn sí ibi tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ fún mi. Kò sí ẹni tó ní kí n wá sọ èyí tó wù mí. Èyí tí mo lè fara dà ni wọ́n ní kí n mú.

Mo padà wọlé. "Mo gbà," mo wí. "Àṣàkẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ sọ̀rọ̀, ọkọ mi."

Eyínfúnjowó dìde. Ó tún gèlè ṣe, bí ẹni pé Olùṣọ́ ń wò ó, ó sún mọ́ ògiri, ó pe orúkọ ọkọ mi. Ó pè é ketekete.

"Ohùn yìí jọ ti inú ìwé," ilé wí, "ṣùgbọ́n kò pé. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ lè gbìyànjú."

"Kò pé kẹ̀? Èmi kan náà ni! Ohùn wo ló tún fẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ló kù, Ìyá àgbà, ẹ má tíì sọ nǹkan kan o!" Àṣàkẹ́ ti bo ojú Olùṣọ́ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Pẹ̀lú ọwọ́ kejì ó ń fa wàláà. Ó fi àwòrán kan hàn wá, ìlà méjì tó ń lọ bí òkè àti àfonífojì. "Èyí tòkè ni ti ọjọ́ kíka ilé, ìsàlẹ̀ ni tòní. Eyín yín tó ti yí padà wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìyẹn kò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà òkè bó ṣe ń gbọ̀n. Kí ló ń gbọ̀n báyìí?"

Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. "Ẹ ń sunkún," mo wí. "Ẹ ń sunkún ẹ̀gbọ́n yín bí ẹ ṣe ń pè wọ́n."

Ni Àṣàkẹ́ bá ní kó sunkún. Eyínfúnjowó ní, "Ṣé omi ẹ̀rọ ni ojú mi?" Ó gbìyànjú o. Ó fún ojú pọ̀, ó ń ṣe ìn-ìn-ìn bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n ra àkàrà fún òun. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rín ìbá pa mí. "Ọdún mọ́kàndínlógún!" ó wí. "Ojú mi ti gbẹ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. A jà kó tó kú, ìyàwó, o mọ̀ pé a jà. Ó sì kú láìpè mí. Mo ti sun ẹkún yẹn tán, mo ti bínú rẹ̀ tán."

Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ahọ́n ti ń hàn lára irin.

Ohun kan wà lọ́wọ́ mi. Èmi nìkan ló ní in. Mo ti gbé e mì láti ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì dùn mọ́ mi níbi tó wà, mi ò ní í parọ́. Bí èmi kò bá yọ ọ́, ilé á lọ. Bí mo bá yọ ọ́, kò sí ohun tó kù tó jẹ́ tèmi nìkan lára ọkùnrin yẹn.

"Ọkọ mi," mo wí, "wọ́n pè yín."

"Ta ló pè mí?"

"Ẹ̀gbọ́n yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè yín. Wọ́n ní, 'Àbúrò mi dà?' Mo ní ẹ wà lọ́nà."

Ó ń wò mí.

"Irọ́ ni mo pa. N kò ránṣẹ́ sí yín. Láti àárọ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọjọ́ náà ni, mo sì jókòó. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni wọn yóò rí kẹ́yìn. Ọ̀sán, wọ́n tún béèrè yín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọn kò tún wojú mi mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi lọ. Ìjà yín kò sí lọ́kàn wọn. Ẹ̀yin ni wọ́n ń retí."

Mo rò pé yóò fi ọ̀pá lù mí. Mo tilẹ̀ dúró dè é. Ṣùgbọ́n ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó di ògiri mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olùṣọ́. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ. Kì í ṣe ilé ló ń bá sọ̀rọ̀. Táìsì funfun ló kọjú sí. Ó pè é bí ọmọ kékeré tó jí tí kò rí ẹnìkan nínú ilé.

"Mo mọ ohùn yìí," ilé wí. "Ẹ káàbọ̀ sílé, Ìyá Onílé."

Omi ya nínú ẹ̀rọ ní ilé ìdáná, gbogbo iná tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ta kẹ́ẹ́, ó ṣí. Àṣàkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu ojú, ó sì ń ka wàláà. "Wọ́n ti yọ ọ́," ó wí. "Wọ́n ti yọ róbótó wa kúrò nínú ìwé. Katakata kò ní í wá. Màmá, wọn kò ní í wá."

Eyínfúnjowó ń fi etí gèlè nu imú. Èmi dúró láàárín pálọ̀, mi ò mọ ibi tí mo lè jókòó sí.

"Mo rí èèyàn mẹ́ta," ilé tún wí. "Ìyá Onílé, àti àlejò méjì. Àlejò tó dàgbà yìí, ọjọ́ mélòó ni yóò lò?"

Àṣàkẹ́ fò dìde. "Kì í ṣe àlejò! Òun ló ń gbé ibí!"

"Ohùn àlejò kò lè dáhùn. Ìyá Onílé, àlejò tó dàgbà yìí, ọjọ́ mélòó ni yóò lò? Kò gbọdọ̀ ju àádọ́rùn-ún lọ. Bí ó bá pé, ẹ lè tún un sọ."

Eyínfúnjowó gbé ojú sókè, ó wò mí. Ojú yẹn pupa, ó sì ti gbẹ. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń tún ọdún mọ́kàndínlógún gbé yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọdún Iléyá, gbogbo ọdún Kérésì tó fi wá kí mi níbí tí mo bu oúnjẹ fún un, tí mo mọ̀, tí n kò sọ. Mo rò pé yóò ní ọjọ́ kan. Bí èmi ni, ọjọ́ kan ni mo máa sọ.

"Àádọ́rùn-ún," ó wí fún ògiri.

Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ni mo wí.